Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́: Ẹ̀rọ Ti Dé, Kí Ló Kù Fún Ènìyàn?

Lẹ́tà tó wọlé sí ojú ìwé yìí lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà ló sì ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kàn: iṣẹ́ ń yí padà, ẹ̀rọ ń gba apá kan nínú rẹ̀, kí wá ni kí òṣìṣẹ́ kọ́ kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́? A mú márùn-ún nínú wọn. Ìdáhùn wa ni ọgbọ́n ìbánilò, ìyẹn bí a ṣe ń gbọ́ èèyàn, tí a ń bá wọn sọ̀rọ̀, tí a sì ń bá wọn yanjú ọ̀rọ̀. Ó kọjá ẹ̀rín músẹ́ àti ìwà pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó ní ìlànà ni, ó ní àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ìdánrawò la sì fi ń kọ́ ọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Kaṣíà ni mí ní báńkì kan, ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Tẹ́lẹ̀, ìlà àwọn oníbàárà wa máa ń dé ẹnu ọ̀nà. Ní báyìí, fóònù ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ owó, ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS ni wọ́n sì ti ń gba káàṣì. Wọ́n ti kó méjì nínú wa lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ṣé kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ni, àbí kí n máa wá iṣẹ́ míì? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Irú ohun tó dé bá yín yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ọdún 1969 ni ATM àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé iṣẹ́ kaṣíà ti parí nìyẹn. Láàárín 1988 sí 2004, iye kaṣíà tí ẹ̀ka báńkì kan nílò nígboro já wálẹ̀ láti nǹkan bí 20 sí 13. Àmọ́ torí pé owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ka kan ti dínkù, àwọn báńkì ṣí ẹ̀ka púpọ̀ sí i, kaṣíà lápapọ̀ ò sì dínkù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yí padà: owó kíkà dínkù, bíbá oníbàárà yanjú ọ̀rọ̀ pọ̀ sí i. Ìgbà tí fóònù wá dé ni iye wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní tòótọ́. A ò ní tàn yín: tiwa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. CBN bẹ̀rẹ̀ ètò dídín káàṣì kù ní Èkó ní 2012, kò sì pẹ́ tí POS àti báńkì orí fóònù fi gba ìlú kan. Owó kíkà ò ní padà wá sọ́wọ́ yín mọ́.

Ẹ wá wo àwọn tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ báńkì. Ẹni tí owó rẹ̀ há. Ẹni tí àwọn oníjìbìtì pè lórí fóònù tó sì ti ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí orúkọ tó wà lórí BVN rẹ̀ ò bá ti ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ mu. Opó tó ń wá ọ̀nà àtigba owó ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Kò sí èyí tó wá ka owó nínú wọn. Ìdààmú ló gbé wọn wá, ẹni tó sì mọ bí a ṣe ń tú ìdààmú palẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Bàbá kan wọlé tìbínú-tìbínú: ATM ti yọ ₦20,000 nínú àkáǹtì òun, òun ò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ga jù ti àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè á di mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: ATM báńkì wo ni? Aago mélòó? Eélòó? Ṣé álẹ́ẹ̀tì wọlé? Ṣé ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Àwọn kaṣíà máa ń gbàgbé ìkarùn-ún yẹn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni owó yọ, ẹ̀sùn kan ṣoṣo lẹ óò sì kọ sílẹ̀, bàbá á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un: "Bàbá, tí mo bá gbọ́ yín yé, ATM báńkì míì lẹ lò, láàárọ̀ àná ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré." Ẹ óò rí i pé ohùn rẹ̀ máa wálẹ̀ níbẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ni àkókò. Ìlànà tí CBN gbé jáde ní 2020 ni pé bó bá jẹ́ ATM báńkì tirẹ̀ ni, tí owó ò sì padà lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Bó bá jẹ́ ti báńkì míì, wákàtí 48. (Ẹ wo ìtọ́ni tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ jáde, torí ìlànà máa ń yí padà.) Ẹ má sọ pé "láìpẹ́". Ẹ dárúkọ ọjọ́ àti aago, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kẹ́ ẹ sì fi lé e lọ́wọ́. Kí àkókò yẹn tó pé, ẹ pè é, kódà bí kò bá tíì sí ìròyìn gidi.

Ohun tó sábà máa ń ba irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni "ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí àkókò kankan nínú rẹ̀. Èkejì ni "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni", tí oníbàárà máa ń gbọ́ bí ìgbà tí wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀kẹta ló burú jù: kẹ́ ẹ ṣèlérí pé owó máa wọlé lónìí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ka míì ló wà.

Bí ẹ ṣe máa fi ṣe ìdánrawò nìyí: ẹ mú ohun kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ àìjálu ọ̀rọ̀ ni, ẹ fi bébà pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì máa fa ìlà kan síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá já lu ẹnì kan. Ìlà ọjọ́ àkọ́kọ́ máa yà yín lẹ́nu. Bó bá ti wálẹ̀ sí ọ̀kan tàbí méjì lóòjọ́, ẹ bọ́ sórí títún ọ̀rọ̀ sọ, lẹ́yìn náà sórí dídárúkọ àkókò. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan náà kì í rí ọ̀kankan mú.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọlé nìyí. Ẹ kọ́ Excel débi tẹ́ ẹ ti lè ṣe tábìlì ẹ̀sùn: ọjọ́, irú ẹ̀sùn, ẹ̀rọ tàbí báńkì tó kàn, iye ọjọ́ tó gbà kó tó yanjú. Bẹ́ ẹ bá fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́, ẹ óò rí i bóyá ẹ̀rọ kan náà ló ń fa wàhálà, bóyá ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé ló ń burú jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ìwé kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e fún máníjà yín pẹ̀lú àbá kan. Báńkì ò ní tètè rí ẹlòmíì tó mọ oníbàárà lójú tó sì tún ní àkọsílẹ̀ ohun tó ń dà wọ́n láàmú.

*Mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní Ìkẹjà. Mo rí i pé iye kan nínú ìwé tí ọ̀gá mi fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn olùdarí kò tọ̀nà. Mo rọra béèrè pé "Sà, ṣé ẹ ti wo ojú ìwé 4?" Wọ́n ní àwọn ti wò ó, mo sì dákẹ́, torí wọ́n ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Àṣìṣe náà tú síta, wọ́n wá ń bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkó*

Lóòótọ́ lẹ sọ ọ́, àmọ́ fẹ́lẹ́ lẹ sọ ọ́ débi tí kò fi wọlé. Irú rẹ̀ ti gba ẹ̀mí rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, bàálù ńlá méjì forí gbárí ní pápákọ̀ òfurufú Tenerife, ní erékùṣù Canary. Èèyàn 583 ló kú. Kùrukùru bo ilẹ̀. Awakọ̀ àgbà bàálù KLM ti ń sáré àtigbéra nígbà tí ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Kò sẹ́ni tó tún ta kò ó. Ẹnjiníà yẹn rí ewu ọ̀hún, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè ló ṣe gbé e kalẹ̀, ìbéèrè sì rọrùn fún ọ̀gá tó ń kánjú láti fi "bẹ́ẹ̀ ni" pa. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí àti àwọn míì tó fara jọ ọ́, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1979, iléeṣẹ́ United Airlines sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn awakọ̀ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní 1981: bí ọmọ abẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ tó máa wọlé, bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é wúlò fún ẹ̀ka ìṣirò owó dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwùjọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó wọlé." Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí láìfi ìbéèrè bò ó: "Ojú ìwé 4 ní ₦3.2 mílíọ̀nù, ìwé báńkì ní ₦2.3 mílíọ̀nù." Ẹ sọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: "Bí àwọn olùdarí bá fi wé ti báńkì, wọ́n á ní a fi ₦900,000 kún un." Kẹ́ ẹ wá fún un ní ọ̀nà àbájáde: "Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni." Ọ̀gá tó ń kánjú lè kọ etí ikún sí ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tó ti ṣe tán ṣòro láti kọ̀.

Àkíyèsí kan fún ẹ̀yin oníṣirò: ₦900,000 ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Bí ìyàtọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà méjì ló ṣèèṣì gba ipò ara wọn, bíi 3.2 àti 2.3 yìí. Bẹ́ ẹ bá lè fi ìka tọ́ orísun àṣìṣe, ọ̀rọ̀ yín ò ní dún bí àfojúdi rárá.

Bó bá sọ pé òun ti wò ó, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìwé báńkì lọ́wọ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi íméèlì onílà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìfi ẹlòmíì sí i. Ìdọ̀bálẹ̀ ò dí ẹnu o. Ẹ lè dọ̀bálẹ̀ tán kẹ́ ẹ sì sọ nọ́ńbà tó tọ̀nà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, apá tiyín wà níbẹ̀. Ẹ má máa bi àwọn ọmọ iṣẹ́ pé "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dáa. Ẹ béèrè pé "Kí ni mo fojú fò níbẹ̀?" Nínú ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ tiyín kẹ́yìn, torí bí ọ̀gá bá ti là á kalẹ̀, ìyókù á kàn máa gbè é ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mú ìròyìn burúkú wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀kejì ò ní wá.

*Wọ́n ní kí n san ₦150,000 fún kọ́ọ̀sì ọjọ́ mẹ́ta lórí ọgbọ́n ìbánilò, ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀. Ṣé kí n san án? — Olùwáṣẹ́, Adó-Èkìtì*

Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí lẹ fẹ́ ra, ẹ fowó yín pamọ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ ìgbà kan tẹ́ ẹ yanjú aáwọ̀, tàbí ìgbà kan tí nǹkan dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ múra ọ̀rọ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó já lé yín léjìká, ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an, àbájáde rẹ̀. Àárín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà; wọ́n á ní "a ṣe báyìí, a ṣe báyìí", ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Iṣẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti àjọ ìsìnrú ìlú gbogbo ló lè fún yín ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìròyìn ọdún 2025 ti World Economic Forum, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ajé, agbanisíṣẹ́ méje nínú mẹ́wàá ló sọ pé ìrònú jinlẹ̀ ṣe kókó fáwọn. Bẹ́ ẹ bá ti ríṣẹ́, ẹ bi ẹ̀ka òṣìṣẹ́ bóyá iléeṣẹ́ yín ń san owó ITF (àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún. Iléeṣẹ́ tó ń san án lè gba apá kan padà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

*Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba. ChatGPT ni mo ń fi kọ lẹ́tà, ó sì ń yá mi. Lóṣù tó kọjá, ó kọ òfin kan sínú lẹ́tà tó jẹ́ pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ló rí i. Ẹ̀rù ti ń bà mí. — Akọ̀wé, Abẹ́òkúta*

Ẹ ṣọpẹ́ pé ọ̀gá yín rí i kó tó jáde. Ní oṣù Kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn $5,000 lé agbẹjọ́rò méjì àti iléeṣẹ́ wọn, torí pé ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ ni wọ́n gbé síwájú kóòtù. Irú ẹ̀rọ yìí kì í lọ tú fáìlì wò kó tó kọ̀wé, àfi bí ẹ bá fún un ní ìwé tàbí tó bá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú ló ń tò pọ̀. Bí òfin bá yẹ níbẹ̀, á gbé ohun tó jọ òfin síbẹ̀, ohùn kan náà ló sì fi ń sọ òótọ́ àti irọ́.

Ẹ máa lò ó, àmọ́ ẹ tẹ ìwé jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi bírò yí gbogbo orúkọ, ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà fáìlì àti òfin ká. Ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn nínú fáìlì tàbí nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i. Èyí tẹ́ ẹ ò bá rí orísun rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ má bi ẹ̀rọ náà pé ṣé òótọ́ ni; ó lè tún fọwọ́ sọ̀yà lórí irọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kà á sókè bí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí: ṣé ohun tí a fẹ́ kó ṣe wà ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́? Ṣé ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fèsì wà níbẹ̀? Ṣé ipò àti oyè rẹ̀ tọ̀nà? Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé Ọba tí à ń kọ̀wé sí dá ìwé àkọ́kọ́ padà lọ́dún tó kọjá torí pé wọn ò ki í dáadáa. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tó gba ìṣọ́ra gan-an: ẹ má kó orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì, NIN tàbí ìwé ìlera ẹnikẹ́ni sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ẹ fi "Ọ̀gbẹ́ni A" àti "nọ́ńbà fáìlì" rọ́pò wọn, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ èyí tó tọ́ sí i lẹ́yìn.

*Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London. Tí mo bá ń fa iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, wọ́n máa ń ní ọ̀rọ̀ mi gùn, kò lójú. Mo rò pé ọ̀nà tí mo fi ń sọ Òyìnbó ló ń dà wọ́n láàmú. — Ọmọ Ọ̀yọ́, Peckham*

Bóyá ni ohùn yín ló fà á. Ètò ọ̀rọ̀ ló jọ pé ó fà á. Ní ilé, a máa ń ro ìtàn láti orísun kí olórí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó sì dùn ún gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú èèyàn ọgbọ̀n fẹ́ gbọ́ olórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní SBAR, tó ti inú ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ ilé ìwòsàn. Àwọn NHS, ètò ìlera ìjọba Bírítéènì, náà ń lò ó. Gbólóhùn mẹ́rin ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí: "Màmá tó wà ní yàrá 6 ò mu ju 200 ml lọ láti aago méje òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ti ń dàrú." Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Ẹni ọdún 82 ni wọ́n, lánàá, ní irú aago yìí, wọ́n ti mu 900." Ohun tẹ́ ẹ rò: "Mo rò pé omi ara wọn ti gbẹ, tàbí kí àrùn wà nínú ìtọ̀ wọn, torí ìtọ̀ wọn dúdú." Ohun tẹ́ ẹ fẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò wọ́n láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Ẹ̀kẹrin yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń jẹ́ kó bọ́, torí ó ń dún létí wa bíi pé à ń pàṣẹ fún ẹni tó jù wá lọ. Àwa á wá ní "mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ni", nọ́ọ̀sì á gbọ́ lóòótọ́, á sì lọ síbi tó ń lọ. "Ara wọn ò yá" láìsí nọ́ńbà náà ò lè gbé e dìde. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin yìí sórí káàdì kékeré nínú àpò aṣọ iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ kún un kẹ́ ẹ tó gbé fóònù, kẹ́ ẹ sì fi aago dán an wò nílé: kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tún un sọ fún yín, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, aago tẹ́ ẹ sọ ọ́ àti èsì rẹ̀ sínú ìwé màmá náà. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé tí ẹnikẹ́ni ò dé, ẹ tún pè. Bí ara màmá bá sì burú sí i kó tó pé, ẹ má dúró dè é, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀.